Àpótí Kan Ṣoṣo Tó Dára

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Pleasure, ẹ̀rí físà, ẹ̀rí ọmọ tuntun àti ẹ̀rí ọkọ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń pàtẹ́wọ́ fún jù. Ẹ̀rí tèmi kò lè pariwo tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé orí àpótí ló dá lé: àpótí tí a ń kó ìwé, fọ́tò àti ohun ìrántí sí kí wọ́n má baà bàjẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀rí ni. Ojú mi ló ṣe, ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é, ohun kan sì wà nínú rẹ̀ tí n kò tíì sọ fún àwọn ọmọ bàbá mi.

Akọ̀wé ni bàbá wa ní iléeṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ọkùnrin tí kì í ju ìwé nù ni. Rìsíìtì, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, lẹ́tà, káàdì Kérésì, gbogbo rẹ̀ ló máa ń tò, tí yóò fi okùn dì, tí yóò sì kọ ọdún sí i lára. Ìyàwó méjì ló fẹ́: Ìyá Àgbà ni àkọ́kọ́, ìyá mi sì ni ìkejì. Ó ti ra ilẹ̀ sí Pleasure, ní ẹ̀yìn títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, ṣáájú òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń bi í léèrè pé kí ló ń wá lọ sínú igbó. Ibẹ̀ ló kọ́lé sí nígbà tó fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ ló sì dákẹ́ sí.

Nígbà tí mọ̀lẹ́bí jókòó láti pín ogún, ilẹ̀ àti ilé ni gbogbo ojú wà. Èmi sọ pé kí wọ́n kúkú fún mi ní àpótí páànù tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá, pẹ̀lú àwọn páálí tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, àkọ́bí Ìyá Àgbà, bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ àti ìwé! Ó yá, máa kó o lọ, bá wa dín ẹrù kù."

Wọ́n rò pé iṣẹ́ tíṣà tí mo ṣe ló ń dà mí láàmú. N kò sì já wọn nírọ́.

Ohun tó gbé mi dé ìdí àpótí náà nìyí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, fọ́tò ìgbéyàwó Ìyá Àgbà, ìyáálé ìyá mi, ló wà lára ògiri pálọ̀ wa. Bàbá wọ kóòtù, Ìyá Àgbà wọ gáùn funfun, pásítọ̀ dúró lẹ́yìn wọn. Ti ìyá mi kò sí níbẹ̀, nítorí pé kò ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ìyàwó kejì máa ń ka ohun tó wà lára ògiri, ó sì máa ń ka ohun tí kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá mi, ẹni tí kì í ju tíkẹ́ẹ̀tì nù, tọ́jú ohunkóhun tó jẹ́ ti ìyá mi. Owú ni mo fi gba àpótí yẹn, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín.

Ó tọ́jú rẹ̀. Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, nínú àpòòwé ìjọba kan tó nípọn: fọ́tò ìyá mi nígbà ọ̀dọ́, àwọn lẹ́tà tó kọ sí Bàbá nígbà tí wọ́n gbé e lọ ṣiṣẹ́ ní Kafanchan, ìwé ìbúra ọjọ́ orí mi láti kóòtù, àti ìpele aṣọ òkè kan tí wọ́n ká fínnífínní. Mo ka àwọn lẹ́tà náà. Wọn kì í ṣe tèmi, mo sì kà wọ́n tán. Ohun tó wà nínú wọn kò ní ti ẹnu mi jáde.

Ìdùnnú kì í tọ́jú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ẹkún kì í tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí mo tú ìyókù ẹrù náà sílẹ̀, mo rí i pé ogún tí mo gbà ti ń kú lọ. Àwọn pín-ìnnì tí wọ́n fi so ìwé pọ̀ ti dípẹtà, wọ́n sì ti lu ihò pupa sára ìwé. Rọ́bà tí wọ́n fi di fọ́tò ti yọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ wọn. Aáyán ti jẹ ibi tí gúlù wà. Ikán ti wọ páálí kan láti ara ògiri, ó jẹ inú rẹ̀ tán, ó sì fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀ kí n máa rò pé nǹkan ṣì wà níbẹ̀.

Kì í ṣe ilé wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ìjọba gan-an kò ní ilé ìkówèésí àtijọ́ kankan títí di àárín àwọn ọdún 1950. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ló rìn káàkiri àwọn ọ́fíìsì láti wo ipò tí ìwé ìjọba wà, tó kọ ìròyìn jáde ní ọdún 1954, tí wọ́n sì fi dá ibi tí a mọ̀ lónìí sí National Archives sílẹ̀, èyí tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Bí ìjọba bá nílò kí ẹnì kan wá là á lójú, kí ni ti èmi?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tó mọ̀ nípa ìtọ́jú ìwé léèrè, mo sì ń kàwé lórí rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí ènìyàn tó yan àpótí, kí ó kọ́kọ́ ka àwọn ọ̀tá ìwé. Ní àdúgbò wa, ọ̀rinrin ni olórí wọn. Òjò máa ń le ní oṣù kẹfà, á sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Kódà nígbà tí òjò kò rọ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Èkó máa ń ju 80% lọ láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni bó bá ti kọjá nǹkan bí 65%, nǹkan funfun lè bẹ̀rẹ̀ sí í hu lára ìwé. Lẹ́yìn ọ̀rinrin ni ooru abẹ́ páànù, lẹ́yìn ooru ni ikán, aáyán àti eku, lẹ́yìn wọn ni eruku márosẹ̀ tí kì í tán.

Ọ̀tá karùn-ún ni n kò mọ̀ rárá, nítorí pé inú ìwé fúnra rẹ̀ ló ń gbé. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, igi ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ìwé dípò àkísà òwú, wọ́n sì ń fi álọ́ọ̀mù sí i kí yíǹkì má baà ràn lórí ìwé, irú álọ́ọ̀mù tí àwọn ìyá wa máa ń jù sínú omi kànga kó lè tòrò. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, álọ́ọ̀mù yìí ń bí ásíìdì. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ William Barrow ṣe àyẹ̀wò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ní àwọn ọdún 1950, ó sì fi hàn pé ásíìdì ló ń mú kí ìwé pọ́n, tó fi ń ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni bí ìpékeré. Ìwé ìròyìn ló burú jù. Daily Times ti oṣù kẹwàá ọdún 1960 tí Bàbá tọ́jú kò ṣeé ṣí mọ́ láìjẹ́ pé etí rẹ̀ ń já.

Ásíìdì kì í sì í jókòó sójú kan. Ó máa ń ràn láti ara páálí sí ara fọ́tò, láti ara ìwé burúkú sí ara ìwé rere. Ìdí nìyẹn tí páálí ìndómì àti páálí bàtà fi jẹ́ ibi tó burú jù láti kó ìwé sí, bó ti wù kó mọ́ tó. Ikán fẹ́ràn rẹ̀, páálí ń mu omi, ó sì ń fún ohun tó wà nínú rẹ̀ ní májèlé díẹ̀díẹ̀.

Ó ku àpótí páànù. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, mo sì mọyì rẹ̀: eku kò lè jẹ ẹ́, ikán kò lè jẹ ẹ́. Ní ọdún 2012, nígbà tí àwọn agbésùnmọ̀mí gba ìlú Timbuktu ní orílẹ̀-èdè Mali, irú àpótí páànù bẹ́ẹ̀ ni Abdel Kader Haidara àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi ń yọ́ kó àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ lọ sí Bamako, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn, nínú ọkọ̀ àti nínú ọkọ̀ ojú omi. Àpótí náà gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó lè dáná sun wọ́n. Ṣùgbọ́n Timbuktu wà létí aṣálẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ. Nígbà tí wọ́n dé Bamako, ọ̀rinrin di ìṣòro tuntun, wọ́n sì ní láti máa ṣe àpótí tí kò ní ásíìdì fún àwọn ìwé náà. Bí ọ̀rinrin Bamako bá lè dẹ́rù ba ìwé, ti Pleasure ńkọ́? Páànù máa ń gbóná lọ́sàn-án, á tutù lóru, ìrì á sì sẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà á dípẹtà. Ẹni tí kò bá ní òmíràn, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó jẹ́ kó gbẹ dáadáa nínú oòrùn, kí ó sì fi ìwé tó dára tẹ́ inú rẹ̀ kí nǹkan kan má fara kan irin.

Ike onídèérí ni ọ̀pọ̀ wa lè rà. Ó kún ọjà Òkè-Odò. Ṣùgbọ́n ẹ yí i dojú dé kí ẹ tó sanwó. Ẹ ó rí àmì onígun mẹ́ta kan nísàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà nínú. Nọ́ńbà 5 dára fún ìwé àti fọ́tò, nọ́ńbà 2 náà dára. Nọ́ńbà 3 ni kí ẹ sá fún: irú ike bẹ́ẹ̀ ló ń rùn bíi rẹnkóòtù tuntun, ó sì ń tú èròjà jáde tó ń ba fọ́tò jẹ́. Ewu kan ṣoṣo tó wà nínú ike tó dára ni pé bí ẹ bá dé ìwé tó tutù mọ́ inú rẹ̀, ẹ ti dé ọ̀rinrin mọ́ ọn nìyẹn. Ọ̀yẹ́ ni mo máa ń dúró dè, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ, kí n tó palẹ̀ ìwé mọ́. Mo sì máa ń fi àwọn àpò kékeré inú bàtà tuntun sí i, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kí ènìyàn má jẹ ẹ́. Ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Káńfọ̀ tí a ń fi sínú aṣọ kò yẹ kó dé ìdí fọ́tò, nítorí pé èéfín rẹ̀ lè ba fọ́tò àti ike jẹ́.

Ẹ má sì láminéètì ojúlówó ìwé. Mo mọ̀ pé gbogbo bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ló ń ṣe é, mo mọ̀ pé ó ń dán. Ooru ni wọ́n fi ń lẹ ọ̀rá náà mọ́ ìwé, kò sì sí ẹni tó lè yọ ọ́ mọ́ láìba ìwé jẹ́. Ẹ̀dà ni kí ẹ láminéètì.

Nígbà tí àbúrò mi, ọmọ ìyá mi tó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, gbọ́ gbogbo ìrìnkèrindò mi, ó fi àpótí kan ránṣẹ́. Ẹyọ kan, nítorí pé owó ẹrù kò gba méjì. Àpótí irú èyí tí àwọn ilé ìkówèésí ńlá ń lò ni: páálí líle aláwọ̀ eérú, irin ni wọ́n fi di igun rẹ̀ dípò gúlù. Kò ní ásíìdì. Wọ́n tún pò ó mọ́ èròjà tó wà nínú èèpo ẹyin àti ìkarahun ìgbín, kí ó máa gbé ásíìdì mì bí ó bá yọjú. Bírò kan wà pẹ̀lú rẹ̀ tí a fi ń dán páálí wò: bí ásíìdì bá wà, ìlà rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀; bí kò bá sí, á di àwọ̀ àlùkò. Ìlà náà kì í parẹ́, nítorí náà n kò fi kan ìwé Bàbá. Mo fi fa páálí tí a ń lò nílé, ó pọ́n. Mo fi fa àpótí tuntun náà lábẹ́, ó di àlùkò.

Ibí ni ìdánwò mi wà. Àpótí kan ṣoṣo tó dára, ìyá méjì.

Ọkàn mi ti yàn kí àpótí náà tó balẹ̀ ní Èkó. Ti ìyá mi ni yóò wọlé síbẹ̀. Gbogbo ọdún tí Ìyá Àgbà lò lára ògiri, ó ti gba tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá mi tó wà nísàlẹ̀ àpótí ni kí ó bọ́ sípò báyìí. Èmi ni mo ní kọ́kọ́rọ́, kò sí ẹni tí yóò bi mí. Mo gbádùn èrò náà gan-an. Mo máa ń rò ó lóru, inú mi á dùn.

Ohun tó yí mi lọ́kàn padà ni ìtàn ìwé kan tí gbogbo Yorùbá mọ orúkọ rẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson parí The History of the Yorubas ní ọdún 1897. Ó fi í ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́, ìwé náà sì sọnù mọ́ òǹtẹ̀wé lọ́wọ́. Johnson kú ní 1901 láìfojú kan an. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ àti ẹ̀dà jákujàku tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní 1916, ọkọ̀ ojú omi Appam tó ń gbé ẹ̀dà tuntun náà lọ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé ẹ̀dà tó gúnrégé, tí wọ́n fi ránṣẹ́ tìyìtẹ̀yẹ, ni ó sọnù. Ìwé jákujàku tó ṣẹ́ kù sílé ló gba ìtàn wa là. Obadiah kò bi ìwé wọ̀nyẹn léèrè pé èwo ni òun fẹ́ràn jù. Ohun tó kù ló tọ́jú.

Mo gbé gbogbo ẹrù náà, pẹ̀lú fọ́tò ara ògiri pálọ̀, jáde sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo wò ó bí ó ti rí, kì í ṣe bí ó ti ń ṣe mí. Fọ́tò ìyá mi wà nínú òkùnkùn, nínú àpòòwé tó nípọn, fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Yíǹkì lẹ́tà rẹ̀ ṣì dúdú. Fọ́tò ìgbéyàwó Ìyá Àgbà, ẹni tí mo ń jowú, ni oòrùn ti pa lára ògiri. Ojú rẹ̀ ti ṣí, páálí tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti pọ́n, ó sì ń já ní etí. Ipò tí mo rò pé ó ga jù ló ti ń ba obìnrin náà jẹ́ láti ìgbà yìí wá. Bí ó bá tún lo ọdún díẹ̀ sí i bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní rí ojú ìyá wọn mọ́.

Ìyá Àgbà ló gba àpótí náà. Mo fi fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú àwọn fọ́tò ayé àtijọ́ mìíràn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí, ìwé tí kò ní ásíìdì sì wà láàárín wọn. Rìsíìtì ilẹ̀ àti ìwé sọ̀féè wà nínú fáìlì tiwọn. Ti ìyá mi wọ inú ike nọ́ńbà 5, nínú àpòòwé tó dára, ara wọn sì le. Ìwé ìròyìn dá wà lọ́tọ̀, nítorí pé ásíìdì rẹ̀ kò jẹ́ kó yẹ kó bá ẹnikẹ́ni sùn. Mo yọ gbogbo pín-ìnnì. Mo fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, ní etí, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo fi fóònù ya gbogbo rẹ̀, mo fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Peckham, mo sì fi òmíràn sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Abẹ́òkúta. Orí ṣẹ́ẹ̀fù irin ni àwọn àpótí wà, wọn kò kan ilẹ̀, wọn kò kan ògiri ìta, wọn kò sì súnmọ́ àjà.

Ìgbà tí mo rí èrè rẹ̀ ni ọjọ́ tí ẹnì kan dìde pé òun ní apá kan nínú ilẹ̀ Bàbá. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà wá bá mi pẹ̀lú ìdààmú. Kó tó mu omi tí mo gbé fún un tán, rìsíìtì tí àwọn ẹbí onílẹ̀ fọwọ́ sí ti wà níwájú rẹ̀, sítáǹbù rẹ̀ ṣì hàn ketekete. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ dé àpótí, ó rí fọ́tò ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi lo fi sínú èyí tó dára jù?"

Mo ní, "Àwọn ló nílò rẹ̀ jù, ẹ̀gbọ́n mi."

Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ Ìyá Àgbà ti ń gbé ìwé àti fọ́tò wá sọ́dọ̀ mi fúnra wọn. Wọn kò mọ owú tó gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá ka èyí, wọ́n ti mọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tó ń kà mí, ẹ lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti orí kọ́bọ́ọ̀dù yín kí òjò oṣù kẹfà tó dé. Ẹ kó ìwé kúrò nínú páálí. Bí ẹ kò bá rí ju ike onídèérí kan rà, ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìwé gbẹ kí ẹ tó dé e, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀. Bí ẹ bá sì rí àpótí kan ṣoṣo tó dára, ẹ má bi ara yín léèrè pé ta ni ẹ fẹ́ràn jù. Ohun tó súnmọ́ ìparun jù ló ni ín.